Ẹ̀gàn Tó Ń Ṣiṣẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìwádìí Thomas Lovejoy ní Amazon

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ, mo kí yín. Thomas Lovejoy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ dé ẹ̀gàn Amazon, igbó kìjikìji ńlá, ní Brasil lọ́dún 1965 láti ṣèwádìí nípa ẹyẹ. Ìbéèrè kan ló wá gba èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀: báwo ni ẹ̀gàn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

Lásìkò náà, òfin Brasil ní kí ẹni tó bá ń la pápá ìjẹko màlúù ní Amazon dá ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ sí ní igbó. Láti ọdún 1979, Lovejoy àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí INPA ti ìlú Manaus bá àwọn ọlọ́sìn màlúù ṣàdéhùn pé kí wọ́n dá igbó náà sí ní abala-abala, òmíràn hẹ́kítà 1, òmíràn 10, òmíràn 100, kí àwọn olùwádìí lè ka igi, ẹyẹ àti kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó gé igbó tó yí i ká, kí wọ́n sì tún kà wọ́n lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí igbó ti bàjẹ́ kò lè mọ ohun tó sọnù.

Ohun tí wọ́n rí bani nínú jẹ́. Oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ wọlé láti etí igbó, àwọn igi ńláńlá tó wà nítòsí etí náà sì ń kú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye tó ń kú láàárín ẹ̀gàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn igi wọ̀nyí gan-an ló tọ́jú kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú kí ayé gbóná bí ó bá tú sínú afẹ́fẹ́, jù lọ sínú ara wọn. Àwọn ẹyẹ tó ń tẹ̀lé ìjàlọ kí wọ́n lè jẹ kòkòrò tí ìjàlọ bá lé jáde kò pẹ́ rárá nínú àwọn abala kéékèèké, torí ọ̀wọ́ ìjàlọ kan nílò ilẹ̀ tó fẹ̀ jù wọ́n lọ. Abala hẹ́kítà 100 pàápàá pàdánù nǹkan bí ìdajì irú àwọn ẹyẹ tó ń gbé abẹ́ igbó láàárín ọdún 15.

Ọ̀rọ̀ náà kan òjò pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1970, Eneas Salati, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Brasil, yẹ ọ́síjìn inú omi òjò wò láti etí òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì fi hàn pé ẹ̀gàn Amazon fúnra rẹ̀ ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì òjò tó ń rọ̀ sórí rẹ̀: igi a fa omi láti inú ilẹ̀, ewé a mí i jáde, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ síwájú kí ó tó tún rọ̀. Apá kan nínú omi yìí ń dé orí oko ní gúúsù Brasil. Kò sí àgbẹ̀ tó ń sanwó rẹ̀, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kà á mọ́ iye tí igbó jẹ́.

Lọ́dún 2018, Lovejoy àti Carlos Nobre, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ọmọ Brasil, kọ̀wé pé, pẹ̀lú iná àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà, bí igbó tí a gé bá ti tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, apá púpọ̀ nínú Amazon lè di ọ̀dàn. Nǹkan bí ìdá 17 ni a ti gé nígbà náà.

Lovejoy kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Síbẹ̀, nítòsí Manaus, igbó tuntun ti hù lórí àwọn pápá tí àwọn ọlọ́sìn fi sílẹ̀, àwọn ẹyẹ kan sì ti gba inú rẹ̀ padà sí àwọn abala tí wọ́n ti kúrò. Lovejoy àti Nobre náà tẹnu mọ́ ọn pé kí a má kàn dáwọ́ igi gígé dúró nìkan, kí a tún gbin igbó padà, kí Amazon má baà sún mọ́ ààlà yẹn mọ́.