Màmá Ò Mu Sìgá Rí, Báwo Ni Jẹjẹrẹ Ṣe Wọ Ẹ̀dọ̀fóró Wọn?

Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ bá mi fojú inú wo ìyá kan, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ṣáínà ni wọ́n ti bí wọn, San Francisco ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń wúkọ́ láti bí oṣù méjì. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló ń túmọ̀. Dókítà ní ṣé màmá máa ń mu sìgá? Ọmọ ò tiẹ̀ bi màmá kó tó fèsì, ó ní rárá o, wọn ò mu ún rí. Ó parí. Wọ́n kọ oògùn àléjì fún màmá, ó dilé.

Ìbéèrè sìgá yẹn ni mo bá wá lónìí, torí ó ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan síta.

Nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, sìgá ṣì ni ọ̀gá o, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kó gbogbo obìnrin ìran Éṣíà tó wà ní Amẹ́ríkà pọ̀, àrùn yìí ò pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn obìnrin òyìnbó, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í mu sìgá. Àmọ́ nínú àwọn tó bá wá ní in, ó lé ní ìdajì tí ò fẹnu kan sìgá rí láyé wọn! Láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti Ṣáínà àti Íńdíà, ó ń lọ sí bíi 80 nínú 100.

Kí ló ń fà á? Nǹkan pọ̀. Màmá ò mu sìgá, bàbá ńkọ́? Lọ́dún 1981, Takeshi Hirayama, olùṣèwádìí nípa àrùn ní Japan, gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n ti ṣọ́ ìyàwó ilé 91,540 tí ò mu sìgá fún ọdún 14, ó rí i pé àwọn tí ọkọ wọn ń fa sìgá gan-an ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa jù. Inú àwọn tó ń ta sìgá ò dùn sí i rárá.

Ẹ wá wọ kíṣìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti agbada àkàrà rí, ẹ mọ ìgbà tí òróró bá gbóná kọjá ààlà, tí èéfín ń rú, tí ojú ń ta, tí gbogbo ilé ń wúkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ Ṣáínà ti ń bẹ̀rẹ̀, òróró á kọ́kọ́ rú èéfín kí ẹ̀fọ́ tó wọnú ẹ̀. IARC, ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ti ní ó ṣeé ṣe dáadáa kí èéfín yẹn máa fa jẹjẹrẹ. Ní Xuanwei, ní Yunnan ní Ṣáínà, èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná láàárín ilé tí èéfín ò ríbi gbà jáde, obìnrin ibẹ̀ kì í mu sìgá àmọ́ àrùn yìí ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ, ìgbà tí wọ́n gbé ààrò tó ní páìpù èéfín wá ló tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mí irú èéfín bẹ́ẹ̀ sínú fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀dọ̀fóró yẹn náà ló gbé dé Amẹ́ríkà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ńkọ́, tí wọn ò mọ ààrò rí? Ó ń ṣe àwọn náà. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ EGFR, ẹ fi wé súìṣì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó yá, máa pọ̀ sí i. Lọ́dún 2004 ni wọ́n rí i pé súìṣì yẹn máa ń há nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, wọn ò lè pa á mọ́. Láàárín àwọn ará Ìlà Oòrùn Éṣíà ó tó ìdajì àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ yẹn, ti òyìnbó ò ju bíi 15 nínú 100. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, wọn ò sábà jogún súìṣì tó ti há, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń há tí wọ́n bá ti dàgbà. Oògùn ẹ̀ wà, osimertinib, hóró kan lójúmọ́, kì í wo gbogbo èèyàn sàn àmọ́ ó ń fún ọ̀pọ̀ ní ọdún sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí jẹjẹrẹ náà ná.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láti 2021, ìlànà Amẹ́ríkà ni pé ẹni ọdún 50 sí 80 tó ti mu sìgá tó páàkì kan lójúmọ́ fún ogún ọdún, tó ṣì ń mu ún tàbí tí ò tíì tó ọdún 15 tó jáwọ́, ni kó máa ṣe CT scan àyà, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà nínú àyà, lọ́dọọdún. Màmá wa ò sí níbẹ̀. Taiwan ní tiwọn, láti 2022, ti fi àwọn tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ wọn ti ní in kún un, sìgá tàbí kò sí sìgá. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé scan á máa rí kókó kéékèèké tí ò ní pa ẹnikẹ́ni láéláé, wọ́n á wá máa la àyà èèyàn lásán, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi ṣì rò pé ti Taiwan bọ́gbọ́n mu jù.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń wò mí láti London àti Houston. Tí irú màmá yìí bá dé iwájú yín, tí ikọ́ ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí ọmọ bá ti ní rárá sí ti sìgá, ẹ tún bi í pé: ta ló ń mu ún nínú ilé, kí ni wọ́n fi ń dáná nígbà tí màmá wà lọ́mọdé, àti pé tí òbí tàbí ọmọ ìyá wọn kan bá ti kú, kí ló pa á?