Bí A Ṣe Ń Wá Alábàárìn Tó Fara Pamọ́ Sẹ́bàá Ìràwọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ò jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ alábàárìn ìràwọ̀ yìí, ìyẹn nǹkan tó jọ ń bá ìràwọ̀ kan rìn lójú ọ̀run. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń rí i? A wò ó títí, a ò rí nǹkan kan." Ó dáa, mo ti ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ máa wo ojú skrín mi.

Brown dwarf là ń wá. Ó wúwo ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ, àmọ́ kò wúwo tó kí iná inú rẹ̀ máa jó bíi ti ìràwọ̀. Ṣe ló kàn ń tutù lọ. Ojú lásán ò lè rí i, ooru ara rẹ̀ ló máa ń tú u fó, ìyẹn infrared. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo àwòrán WISE, telescope tí NASA gbé lọ sókè ní December 2009. Digí rẹ̀ ò ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, síbẹ̀ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ló fi ń wo gbogbo ojú ọ̀run tán. Wọ́n pa á ní 2011, wọ́n tún jí i ní 2013, ó sì ṣiṣẹ́ dé 2024. Gbogbo àwòrán yẹn wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Dátà fóònù yín nìkan lẹ máa san.

Ẹ má tíì ṣí àwòrán o! Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí SIMBAD, ìkànnì tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ sí, ẹ tẹ Ross 19, orúkọ ìràwọ̀ kan nìyẹn. Nǹkan méjì là ń wá níbẹ̀: proper motion, ìyẹn bí ìràwọ̀ ṣe ń sún lójú ọ̀run lọ́dọọdún, àti parallax, nọ́ńbà tá a fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ mú bébà, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Bébà ni mo wí, kì í ṣe pé ẹ fi sórí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú proper motion, tí kò bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, ìlà oòrùn ni ìràwọ̀ náà ń lọ. Ìkejì, àríwá. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí: nínú àwòrán ojú ọ̀run, ọwọ́ òsì ni ìlà oòrùn wà. Kì í ṣe máàpù ilẹ̀ lẹ̀ ń wò.

Parallax ńkọ́? Ẹ fi pín 1000, ẹ ti rí bó ṣe jìnnà tó ní parsec, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà jíjìn ojú ọ̀run. Ross 19 jìnnà tó nǹkan bíi parsec 17.4, ìyẹn ọdún ìmọ́lẹ̀ 57.

Ó yá, WiseView, ìkànnì tó ń to àwòrán WISE ti ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn bíi fídíò. Dan Caselden ló ṣe é, Ọlọ́run á bù kún un fún wa. Ẹ fi coordinates, ìyẹn nọ́ńbà ibi tí ìràwọ̀ náà wà lójú ọ̀run, láti SIMBAD sí i, ẹ dín eré àwòrán kù. Ẹ ń rí i? Ìràwọ̀ yẹn ń sún díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi rèé. Gbogbo yín á tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ yẹn gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀? Píksẹ́lì WISE kan fẹ̀ tó 2.75 arcsecond, ìwọ̀n kékeré tá a fi ń wọn ojú ọ̀run! Ẹ fẹ ojú àwòrán, ẹ máa wò ó lọ sọ́nà jíjìn. Tó bá wúwo jù fún fóònù yín, ẹ máa sún un ní ìdá-ìdá. Ross 19B, alábàárìn tí wọ́n kéde ní 2021, nǹkan bíi 568 arcsecond ló fi jìnnà sí Ross 19. Ẹ fi 17.4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó ń lọ bí 9,900 ìlọ́po ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti oòrùn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bíi tiwa ní Backyard Worlds, iṣẹ́ ìwádìí tí ará ìlú ti ń bá wọn wo àwòrán WISE, ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹ gbọ́? Bíi tiwa.

Àwọ̀ ló kàn. Èyí tó bá tutù gan-an máa pọ́n bí ọsàn. Gáàsì methane ara rẹ̀ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ infrared tí gígùn ìgbì rẹ̀ sún mọ́ 3.4 micron mì, tó sì jẹ́ kí ti 4.6 máa tàn jáde. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọsàn tó ń sún, ẹ padà sídìí bébà yín. Ṣé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń lọ? Ṣé eré wọn dọ́gba? Tẹ́ ẹ bá rí èèyàn méjì láàárín èrò Gbági, tí wọ́n jọ ń yà síbì kan náà, tí ẹsẹ̀ wọn bára mu, ẹ mọ̀ pé wọ́n jọ wá ni. Tí ọ̀kan bá ń lọ àríwá, tí èkejì ń lọ gúúsù, ẹ fi í sílẹ̀, alákọjá ni.

Ẹ tún wo àwòrán DSS, àkójọ àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ojú lásán yà. Tí nǹkan yín bá mọ́lẹ̀ kedere níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó tutù.  

Ẹnì kan bi mí pé ṣé oòrùn tiwa náà ò ní alábàárìn tó fara pamọ́. Kevin Luhman, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti fi WISE wá a, ó sì gbé èsì jáde ní 2014: kò sí ohun tó tó Saturn láàárín 10,000 ìlọ́po ọ̀nà ayé sí oòrùn, kò sì sí ohun tó tó Jupiter títí dé 26,000. Kì í ṣe pé Luhman ò mọ̀ ọ́n wá o. Òun náà ló rí Luhman 16 ní 2013, brown dwarf méjì tó wà ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 6.5 péré sí wa.

Àwọn tó ń fi "mo ti rí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun" ránṣẹ́ sí mi láàárín òru, ẹ jọ̀ọ́! Ìmọ́lẹ̀ tó ta gbọ̀ọ̀rọ̀ jáde lára ìràwọ̀ ńlá, inú telescope ló ti wá. Iwin ni òmíràn, àní ghost, òjìji ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù. Ìyẹn náà máa ń sún, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ. Tí ìràwọ̀ ńlá bá wà nítòsí, ẹ fura.

Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ tún padà sí SIMBAD, ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti rí i ṣáájú. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀mù Backyard Worlds ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú coordinates. Ẹ má fi screenshot nìkan ránṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó lè fi screenshot wá ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Bátìrì mi ti ń pọ́n. Ross 19 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn a ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá rí 19B fúnra rẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí, kó sì sọ ìhà ibi tó wà sí Ross 19, kí n lè mọ̀ pé ẹ ò purọ́.