Ta Ló Ni Wáyà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bí Broadband Ṣe Ń Tàn Ká Ayé

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tó gbé mi wá ni láti ta ko àwọn tó ń sọ pé orílẹ̀-èdè tó kéré, tí èrò ibẹ̀ há mọ́ra, nìkan ni broadband, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yára, ń tètè dé. Iceland àti Finland ńkọ́? Àwọn èèyàn ibẹ̀ fọ́n káàkiri, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó tètè ṣíwájú. Kí wọ́n dá mi lóhùn: ta ló ni wáyà tó wọ ilé, ṣé òfin sì mú un kó yá ẹlòmíràn lò?

Ẹ wo Japan. NTT, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ibẹ̀, ló ni wáyà tẹlifóònù tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ìjọba sì ní dandan ni kó yá àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà lò. Ní 2001, iléeṣẹ́ Softbank, tó ń bá NTT du ọjà, gbé íntánẹ́ẹ̀tì Yahoo! BB jáde ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń pín modem, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, lọ́fẹ̀ẹ́ lójú pópó. Nígbà tí NTT ń fi iṣẹ́ falẹ̀, Masayoshi Son, ọ̀gá Softbank, lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba, ó halẹ̀ pé òun á dáná sun ara òun. Ẹnu ara rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ wáyà ṣe gbóná tó nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Faransé, orí wáyà France Télécom, iléeṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ ibẹ̀, ni iléeṣẹ́ tuntun kan, Free, gbé Freebox, àpótí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lé ní 2002, ní €29.99 lóṣù. South Korea tí àwọn alátakò mi fi ń lérí ńkọ́? Wáyà tí iléeṣẹ́ mànàmáná KEPCO ti nà sílẹ̀ ni Thrunet, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, háyà ní 1998! Kí 2002 tó parí, oníbàárà broadband níbẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 10.

Amẹ́ríkà ní òfin yíyá wáyà láti 1996, ṣùgbọ́n ní 2003 FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, pinnu láti fòpin sí pínpín wáyà. Tí a bá fi iye oníbàárà broadband wé iye èèyàn, ipò kẹrin ni wọ́n wà nínú OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́rọ̀, ní 2001. Ní 2006, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìpinnu yẹn nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti nawọ́: “Ọ̀gá, ibi tí wọn ò ti na wáyà kankan rí ńkọ́?”

Ẹ ṣé, mà. Ìbéèrè yín ló ni ìyókù àkókò mi. ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì ní 2024. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé. Owó fóònù àti dátà wà lára ohun tó ká wọn lápá kò. Níbi tí wáyà kò ti wọ ilé, ẹni tó ni wáyà abẹ́ òkun àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí a bèèrè. Wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SEACOM gúnlẹ̀ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 2009, òmíràn, EASSy, tẹ̀ lé e ní 2010. Ṣùgbọ́n Uganda àti Rwanda kò ní etí òkun. Ilẹ̀ aládùúgbò ni wáyà wọn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá di ojú ọ̀nà yẹn mú, ẹ̀dínwó tí wáyà abẹ́ òkun bá mú wá sí etí òkun kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

Alága ti ń wo aago. Sátẹ́láìtì wúlò fún erékùṣù àti aṣálẹ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni èyí tó pọ̀ jù lójú ọ̀run báyìí. Ní ti fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ìlú Stockholm ní Sweden dá iléeṣẹ́ Stokab sílẹ̀ ní 1994: ìlú ló ni okùn, iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ á háyà rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe kí ẹni tó ni wáyà yá gbogbo ẹlòmíràn lò, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé Stockholm.