Ilé ranch àtijọ́: bí oòrùn ṣe máa dé àárín ilé tí òrùlé ò ní tẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo ilé tó wà lójú ẹ̀rọ yìí. Kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó nà gbọọrọ, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, etí òrùlé yọ síta bí ẹsẹ̀ bàtà 2, gáréèjì sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ranch nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Houston, Dallas tàbí Atlanta mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, pàápàá láàárín ọdún 1950 sí 1960, irú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ káàkiri Amẹ́ríkà.

Ilé náà lágbára. Àmọ́ ẹ wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó tan iná kẹ́ ẹ tó rí ọ̀nà yàrá. Kíṣìnì há sẹ́yìn, pálọ̀ wà níwájú, ògiri là wọ́n láàárín. Ẹni tó ń dáná ò rí àlejò, àlejò ò rí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ló fà á? Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kì í rìn jìnnà. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé òkè fèrèsé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tàbí méjì ààbọ̀ tó bá pọ̀ jù: ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó wúlò máa dé nìyẹn. Òkè fèrèsé ilé wọ̀nyí sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, èyí ò sì ju bí ẹsẹ̀ bàtà 13 sí 17 lọ nínú ilé. Nínú ilé tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 28, ìmọ́lẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ì bá pàdé láàárín, ògiri ni ò jẹ́.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, torí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Cliff May, tó gbé irú ilé yìí jáde ní San Diego láàárín ọdún 1930 sí 1940, inú àwọn ilé oko Sípáníìṣì àtijọ́ ní Kalifọ́níà ló ti mú un: yàrá yí àgbàlá ká. Agboolé wa gan-an! Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń ti àárín wá, àgbàlá lèèyàn ń gbà kọjá lọ sí yàrá, kò sẹ́ni tó ń táràrà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú. Ìgbà tí àwọn tó ń kọ́ ilé lọ́gọ́ọ̀rọ̀ gbà á, wọ́n yọ àgbàlá kí owó lè wálẹ̀, wọ́n fi kọ́rídọ̀ rọ́pò. Ohun tá à ń wá padà nìyẹn.

Ó yá. Ẹ má tíì gbé òòlù o! Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní ọ̀dà olójé. Àjà popcorn (tó rí hátahàta bíi gúgúrú), táìlì ilẹ̀ oní íǹṣì 9 sí 9, gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi dí ojú ìpàdé drywall (pátákó tí wọ́n fi ń bo ògiri), gbogbo wọn lè ní asbestos, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí wọ́n ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí láàbù yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọ́ ohunkóhun. Mi ò ní tún un sọ.

Ẹ̀yìn ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan, igi ńlá kan wà nínú ògiri tó ń gbé ẹrù òrùlé kọjá lórí ihò yẹn. Header lorúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá FẸ fèrèsé lójú sí i, ẹ ní láti pààrọ̀ header, owó ńlá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gé e lọ SÍSÀLẸ̀, header ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fèrèsé kíṣìnì tàbí ti yàrá ìjẹun tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹ gé abẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń sún ti ríbi wọ̀. Ẹ gé e sísàlẹ̀, ẹ má fẹ̀ ẹ́! Ihò tó wà láàárín igi ni kẹ́ ẹ wọ̀n kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀kùn, ẹ má wọn gíláàsì. Ẹ pa iná láti orísun, torí wáyà sábà máa ń gba abẹ́ fèrèsé kọjá. Bíríkì tó wà níta, ẹ̀wù lásán ni, kò gbé òrùlé, bíléèdì dáyámọ́ǹdì máa gé e. Gíláàsì tó bá sún mọ́ ilẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ tempered, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá fọ́, wẹ́wẹ́ tí kò mú ló máa ń fọ́ sí.

Ìhà wo ni ẹ̀yìn ilé yín kọjú sí? Bó bá jẹ́ gúúsù, ẹ jó! Oòrùn ọ̀sán ìgbà ooru ga, etí òrùlé máa bò ó. Ti ìgbà òtútù rẹlẹ̀, á wọlé wá bá yín. Ìwọ̀ oòrùn ló léwu: oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa gba abẹ́ etí òrùlé wọlé tààrà, ẹ̀rọ amúlétutù á sì ṣiṣẹ́ dé alẹ́. Ní Texas, ẹ wo nọ́ńbà SHGC lára gíláàsì, tó ń sọ bí ooru oòrùn tó máa gbà á wọlé ṣe pọ̀ tó, kó má ju 0.25 lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de ògiri àárín, ẹ sún mọ́bí.

Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á máa kan ògiri kó-kó-kó, wọ́n á ní "òfìfo ni, kò gbé nǹkan kan." Gbogbo ògiri onígi ló ń dún bí òfìfo! Íǹṣì 16 ló sábà máa ń wà láàárín igi kan àti èkejì. Dídún ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ gun òkè àjà, orí igi nìkan ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yín á yọ sí pálọ̀. Kí lẹ rí níbẹ̀? Bí igi òrùlé bá so pọ̀ ní onígun mẹ́ta, tí àwo irin eléyín dè wọ́n níbi ìpàdé, truss nìyẹn. Ó sábà máa ń ti ògiri ìta kan dé èkejì, ó sì ṣeé ṣe kí ògiri àárín má gbé e. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ gé igi kankan lára truss láéláé, kó tiẹ̀ jẹ́ èyí tó kéré jù.

Bí kì í bá ṣe truss, ẹ tẹ̀ lé igi àjà. Ẹ ó rí ibi tí igi tó wá láti iwájú àti èyí tó wá láti ẹ̀yìn ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí wọ́n kàn wọ́n ní ìṣó pọ̀. Ògiri tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ló gbé wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú ògiri méjèèjì kọ́rídọ̀ ni. Ẹ tún wo igi tí wọ́n fi ti òrùlé, tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí ògiri. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, ẹrù òrùlé gan-an ló sì ń gbé wálẹ̀.

Ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì ni kó sọ bí igi tó máa rọ́pò ògiri náà ṣe máa tóbi tó. LVL, ìyẹn igi tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò. Kí wọ́n tó wó ògiri, wọ́n á ṣe ògiri onígbà díẹ̀ ní apá MÉJÈÈJÌ, torí igi ọ̀tún àti ti òsì ló jókòó sí i. Ẹni tó bá ti apá kan ṣoṣo, apá kejì á bọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẸRÙ NÁÀ Ò LỌ, IPÒ LÓ PARÍ DÀ! Ẹrù tí ògiri tẹ́ ká gbogbo gígùn rẹ̀ ti kó jọ sí ẹsẹ̀ òpó méjì tó gbé orí méjèèjì igi tuntun náà. Kí ló wà lábẹ́ òpó yẹn? Bí ilé bá dúró lórí òpó kúkúrú tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ òpó tuntun sí ìsàlẹ̀ gan-an, kó tó ilẹ̀. Bó bá jẹ́ kọnkéré ló tẹ́ sílẹ̀, tí kì í sábà nípọn ju íǹṣì 4 lọ, wọ́n máa gé e, wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á da kọnkéré tuntun. Ẹni tó bá fo ìpele yìí, kò ní rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá ò ní pa dé mọ́, ìlà á là gẹ̀ẹ́rẹ́ láti igun fèrèsé, onílé á wá máa bú káfíńtà.

Èrò tèmi ni pé ẹ má wó gbogbo ògiri. Ihò ẹsẹ̀ bàtà 8 tó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tuntun yẹn tó: téèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, á rí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó kù ní ìwúlò. Ibẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù máa fara tì, ibẹ̀ ni páìpù atẹ́gùn kíṣìnì lè máa gbà jáde sórí òrùlé. Ní kíṣìnì, àyè láàárín káńtà méjì kó jẹ́ íǹṣì 42, tàbí 48 bí ìyá àti ọmọ bá jọ ń dáná. Ẹ sì rántí pé tí kíṣìnì bá ti ṣí, ata díndín ti di ti gbogbo ilé! Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín gbọ́dọ̀ tú u síta, kì í ṣe èyí tó kàn ń yí i po. Bí agbára rẹ̀ bá ju 400 CFM lọ (CFM ni ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń fà ní ìṣẹ́jú kan), òfin ìkọ́lé níbi púpọ̀ ní kẹ́ ẹ ṣe ọ̀nà tí atẹ́gùn tuntun máa gbà wọlé.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ kí àjà ga dé góńgó òrùlé. Igi àjà tẹ́ ẹ fẹ́ gé yẹn ló ń di ẹsẹ̀ igi òrùlé mú. Tẹ́ ẹ bá gé e láìfi igi alágbára gbé góńgó òrùlé, òrùlé á ti ògiri síta. Ẹnjiníà náà ni kẹ́ ẹ bi.

Kọ́rídọ̀ ló kù. Túùbù ìmọ́lẹ̀ oní íǹṣì 10, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti orí òrùlé wọlé, ti tó fún un; kò ní gé igi kankan, torí ó wọ àárín igi méjì. Tó bá jẹ́ fèrèsé òrùlé lẹ fẹ́, ẹ wo bí òrùlé ṣe dagun: èyí tí kò bá ga sókè tó íǹṣì 3 fún íǹṣì 12 kọ̀ọ̀kan tó nà nílò fèrèsé tó jókòó sórí àpótí onígi, torí omi òjò kì í tètè ṣàn kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ihò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká, kẹ́ ẹ sì fi ìdáàbòbò ooru bo ẹ̀gbẹ́ ihò náà nínú àjà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa ṣẹ́ sí i lára nígbà òtútù, wọ́n á ní òrùlé ń jò.

Ilẹ̀ lẹ máa ṣe kẹ́yìn. Níbi tí ògiri ti kúrò, àlàfo tó tó íǹṣì 4 ààbọ̀ máa ṣẹ́ kù nínú pákó. Ẹ má kàn fi pákó kan dí i lọ gbọọrọ, ojú á máa rí i títí ayé. Ẹ ra oak oní íǹṣì 2 àti ìlàrin bíi ti àtijọ́, ẹ yọ orí pákó ọ̀tún àti ti òsì ní gígùn tí kò dọ́gba, ẹ hun tuntun wọ inú wọn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ ha gbogbo ilẹ̀ pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ tó kùn ún.