Jíìnì Tó Gba Àgbádárìgì Lọ sí Amẹ́ríkà

WÁLÉ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wálé ni mò ń jẹ́, Dublin ni mo wà, òjò ń rọ̀, kò sí tuntun níbẹ̀. Ṣadé ò sí ní Houston lónìí, ó ti sá lọ sílé.

ṢADÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Wálé. Àgbádárìgì ni mo wà, ilé màmá mi ní Àjárá. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ni. Tiwa ti dákẹ́ láti àárọ̀.

WÁLÉ: Ṣé o ti ń mu omi àgbọn?

ṢADÉ: Mo ti mu ún débi pé màmá mi ń bi mí bóyá wọn kì í fún wa ní omi lọ́hùn-ún.

WÁLÉ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ni Ṣadé, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fáwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi, oníṣirò owó ni mí. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀, ẹ bá mi bò ó. Ó ya, Ṣadé, sọ ti jíìnì tó ń ba kíndìnrín jẹ́ yẹn fún wa, ìyẹn àbùdá téèyàn ń jogún lọ́wọ́ òbí.

ṢADÉ: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ka àwọn tí kíndìnrín wọn bà jẹ́ pátápátá, ti àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó tún lé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n ní òṣì àti àìrí dókítà lásìkò ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń rí ẹni tí kò lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí kò sanra, tí kò ní ṣúgà, tí kíndìnrín rẹ̀ ti lọ. Òṣì nìkan ò lè ṣàlàyé ìyẹn.

WÁLÉ: Àfiṣe ayé ni wọ́n máa sọ fún un nílé.

ṢADÉ: Màmá mi sọ bẹ́ẹ̀ lánàá! Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá dé orí krómósóòmù 22, ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì wa, wọ́n sì gbá jíìnì kan tó ń jẹ́ MYH9 mú. Kì í ṣe òun. Aládùúgbò rẹ̀ ni. Ọdún 2010 ni ìwé jáde nínú ìwé ìròyìn Science, tí wọ́n wá dárúkọ ẹni gan-an, ìyẹn APOL1. Ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n fi rí i?

WÁLÉ: Ta ni?

ṢADÉ: Àwa. Yorùbá. Àwọn èèyàn kan ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, èyí tí wọ́n fi ń wo bí jíìnì àwọn èèyàn ayé ṣe yàtọ̀ síra. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, wọn ò jí i. Wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ yẹn di sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà nínú ìgò, ó sì wà ní ilé ìkópamọ́ kan tó ń jẹ́ Coriell, ní ìlú Camden, ní New Jersey. Ilé ìwádìí tó bá fẹ́ á kọ̀wé, wọ́n á fi ránṣẹ́. YRI ni wọ́n ń kọ sí i lára: Yorùbá, Ìbàdàn.

WÁLÉ: Ìlú ìyá mi! Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ ò rí nǹkan kan ṣe.

ṢADÉ: A ti ṣe tiwa tipẹ́, bọ̀dá, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi jíìnì Yorùbá wé ti àwọn ará Yúróòpù, wọ́n rí oríṣi APOL1 méjì tó yàtọ̀, wọ́n pè wọ́n ní G1 àti G2. G1 yìí, nínú ẹ̀dà jíìnì 100 láti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá yẹn, ó tó nǹkan bí 40. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá.

WÁLÉ: 40 nínú 100? Tó bá jẹ́ ohun tó ń pani, kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wa?

ṢADÉ: Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi nìyẹn, kì í ṣe ti òmùgọ̀. APOL1 kì í ṣe ọ̀tá. Purotéènì ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa trypanosome, kòkòrò tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé kiri, èyí tó ń fa àìsàn oorun. Trypanosome á gbé e mì bí oúnjẹ. Bó bá dé inú àpò tí kòkòrò náà fi ń da oúnjẹ, APOL1 á lu ihò sí awọ rẹ̀, omi á ya wọlé, kòkòrò á wú, á bẹ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń pa màlúù kò fi ń ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Àwọn ilé ìwádìí ní Brussels ló fi èyí hàn lọ́dún 2003.

WÁLÉ: Nítorí náà, ọmọ ogun ni.

ṢADÉ: Ó dáa, ọmọ ogun. Kòkòrò náà sì gbọ́n. Àwọn kan lára wọn, lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà, wá ohun tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀. G2 já ìdè yẹn. Ní tiwa lápá ibí, wọ́n rí i ní Gínì pé àwọn tó ní G1 lè gbé kòkòrò náà kiri nínú ẹ̀jẹ̀ kí àìsàn má kọlù wọ́n. Ẹni tó ní in yè, ó bímọ, ó fi jogún. Ohun kan náà tí ẹ̀yin mọ̀ nípa AS àti ibà.

WÁLÉ: AS ò kú, SS ló ń jìyà.

ṢADÉ: Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, a máa padà sí i.

WÁLÉ: Kí ló wá kan kíndìnrín nínú ìjà kòkòrò?

ṢADÉ: Lójúmọ́, kíndìnrín yín ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, díẹ̀ tó kù lẹ ń tọ̀. Asẹ́ yẹn, bí aṣọ tí màmá mi fi ń sẹ́ ògì ló rí: omi kọjá, èérí dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ podocyte ló hun aṣọ náà. Ó ní ẹsẹ̀ wínníwínní, ẹsẹ̀ tọ̀hún bọ àárín ẹsẹ̀ tìhín. Podocyte sì tún máa ń ṣe APOL1 tirẹ̀ sínú ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ oríṣi ti àtijọ́ ni, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ G1 tàbí G2, ihò tó yẹ kó lu sára kòkòrò, ara sẹ́ẹ̀lì tó bí i ló ń lu ú sí. Potásíọ̀mù á jò jáde, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á ṣàárẹ̀, á kú. Podocyte tó bá sì kú, kò sí òmíràn tí yóò tètè dìde dípò rẹ̀. Aṣọ ti ya nìyẹn. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ lọ.

WÁLÉ: Ṣé gbogbo ẹni tó ní in nìyẹn?

ṢADÉ: Rárá o! Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ì báà jẹ́ G1 tàbí G2, á darúgbó, kíndìnrín wọn á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń gba kí nǹkan kan ta á jí. Bí kòkòrò àìlera bá wọ ara, ara á tú interferon jáde, ohun tó fi ń pe ara sí ogun, interferon á ní kí sẹ́ẹ̀lì ṣe APOL1 sí i. HIV lè ta á jí. A rí i nígbà COVID náà: ẹni tí àìsàn náà ò mú púpọ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ ṣubú lójijì.

WÁLÉ: Àgbádárìgì ńkọ́? O ní ẹ ti ṣe tiyín.

ṢADÉ: Àwọn tí wọ́n kó kọjá sí erékùṣù Gberefu tí wọ́n sì kó sọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n gbé G1 àti G2 lọ. Àwọn àti àwọn tó ti Ouidah àti àwọn èbúté yòókù lọ. Ó tó nǹkan bí 13 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lónìí tó ní ẹ̀dà méjì. Ọmọ ọmọ wọn ni mò ń fi abẹ́rẹ́ wá iṣan fún ní Houston.

WÁLÉ: Hmm.

ṢADÉ: Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Lára àwọn tó lọ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ewu rẹ̀ fún kíndìnrín, wọ́n sì fi ṣòfin: ó di dandan kó jẹ́ méjì kó tó léwu, ẹni tó ní ẹyọ kan, kó máa lọ ní àlàáfíà. Sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn wà nínú ìgò ní New Jersey ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń fi ka ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn, kò sẹ́ni tó kó wọn jọ lọ́pọ̀ yanturu kó yẹ kíndìnrín wọn wò. Ọdún 2024 ni èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó jáde. Rasheed Gbadegesin, dókítà kíndìnrín ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é pẹ̀lú àwọn dókítà Nàìjíríà àti Gánà. Èèyàn 8,355. Ìwé náà jáde nínú New England Journal of Medicine.

WÁLÉ: Kí ni wọ́n rí?

ṢADÉ: Nínú 100, 43 ní ẹyọ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 tó ní méjì. Nínú mẹ́rin wa, ẹ lè sọ pé mẹ́ta ló gbé é lọ́wọ́, lọ́nà kan tàbí òmíràn. Òfin yẹn sì wó: àwọn tó ní ẹyọ kan ṣoṣo, ewu àìsàn kíndìnrín tiwọn fi 18 nínú 100 ga ju ti ẹni tí kò ní rárá. Ti àwọn tó ní méjì, 25. Àìsàn kan wà tó ń dá àpá sára asẹ́ yẹn, FSGS. Níbẹ̀, ewu náà fi 61 nínú 100 ga fún ẹyọ kan, 84 fún méjì.

WÁLÉ: Ìyẹn ni pé kò dà bí AS àti SS.

ṢADÉ: Kò dà bẹ́ẹ̀. Láàárín ẹyọ kan àti méjì, àlàfo yẹn ò fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ sì wo ohun tó lè dá sílẹ̀ nínú ìdílé: ẹ̀gbọ́n fẹ́ fún àbúrò ní kíndìnrín kan. Kíndìnrín tó bá ti ọwọ́ ẹni tó ní ẹ̀dà méjì wá kì í sábà pẹ́ tó ti ẹlòmíràn.

WÁLÉ: Ṣé oògùn wà? Má kàn máa já mi láyà lórí afẹ́fẹ́.

ṢADÉ: Ó ń bọ̀. Ìtàn kan ló ṣí ọ̀nà. Lọ́dún 2004, ọkùnrin àgbẹ̀ kan ní Maharashtra, ní Íńdíà, kó trypanosome ti ẹran ọ̀sìn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, APOL1 rẹ̀ méjèèjì ló bà jẹ́, kò ní rárá. Kíndìnrín rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Èèyàn lè gbé ilé ayé láìní in! Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn: bẹ́ ẹ bá dí ihò yẹn pa, kíndìnrín ò ní sunkún rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vertex ní Boston ṣe inaxaplin, oògùn oníhóró tó ń dí i. Ìwé tó jáde ní 2023 fi hàn pé lára àwọn 13 tí wọ́n kà, láàárín ọ̀sẹ̀ 13, purotéènì inú ìtọ̀ wọn fi 47.6 nínú 100 dín kù. Èèyàn 13 kéré, ẹ má tíì pa màlúù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó tóbi jù ú lọ.

WÁLÉ: Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣé kí n lọ yẹ jíìnì wò?

ṢADÉ: Ìtọ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ. Kí wọ́n wá purotéènì nínú ìtọ̀, creatinine nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, kí wọ́n wọn ìfúnpá. Kíndìnrín kì í pariwo. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ó ti pẹ́. Ní Àjárá níbí, ilé àyẹ̀wò tó wà ní ìkóríta ní pépà tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀, owó rẹ̀ ò tó owó àgbọn tí mo ti mu. Bí wọ́n bá rí purotéènì, ìgbà yẹn lẹ máa wá béèrè APOL1. Àti oògùn orúnkún yẹn...

WÁLÉ: Oògùn wo?

ṢADÉ: Ibuprofen tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ń gbé mì láràárọ̀. Ó máa ń pa kíndìnrín lára.

WÁLÉ: Ọ̀rọ̀ abẹ́lé lo gbé wá sórí afẹ́fẹ́ yìí o.

ṢADÉ: Ìyàwó yín ló ní kí n sọ ọ́ níbi tẹ́ ò ti ní lè sá.