Onífọ́tò Tí Fọ́tò Rẹ̀ Sọnù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Yasukichi Murakami lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1897 ló ti Japan wá sí Ọsirélíà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Broome, ìlú etíkun tí àwọn ará Japan ti ń mòòkùn kó ìkarahun péálì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́tìnnì. Ó ṣòwò níbẹ̀, ó sì ní ilé fọ́tò. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Darwin, ìlú kan ní àríwá Ọsirélíà, ó tún ń ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ onífọ́tò: ẹni tó bímọ, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó fẹ́ kí ìyá òun lókèèrè rí ojú òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń forí lé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Kíá ni ìjọba Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Japan, títí kan àwọn tó ti hewú sílùú náà. Wọ́n kó Murakami, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Tatura, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Victoria. Àwọn aráàlú Japan tí wọ́n há mọ́ irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọsirélíà lé ní 4,000. Àwọn bí 1,100 péré ló ti ń gbé Ọsirélíà tẹ́lẹ̀. Láti New Caledonia, Indonesia òde òní àti ibòmíràn ni wọ́n ti kó ìyókù wá. Murakami kú sí àhámọ́ lọ́dún 1944. Àwọn fọ́tò tó fi sílẹ̀ ní Darwin sọnù.

Cowra, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ni ibojì rẹ̀ wà báyìí, ní itẹ́ òkú àwọn ará Japan tí wọ́n ṣí lọ́dún 1964. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Cowra lókìkí nítorí pé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1944, àwọn sójà Japan tí wọ́n mú lójú ogun fipá já jáde kúrò nínú àgọ́ tí wọ́n há wọn mọ́ níbẹ̀, àwọn tó kú sì lé ní 230. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ ariwo rẹ̀ bo àwọn aráàlú tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Àlejò á gba ẹ̀gbẹ́ ibojì onífọ́tò kọjá, á ṣe bí sójà ló wà níbẹ̀.

Mayu Kanamori, onífọ́tò tí wọ́n bí ní Tokyo, tó ń gbé Sydney, gbéra láti wá àwọn fọ́tò ọ̀hún. Èyí tó rí ò tó èyí tó ń wá. Ó wá sọ wíwá náà di eré orí ìtàgé, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014: obìnrin onífọ́tò ń bá òkú onífọ́tò sọ̀rọ̀, àwòrán àtijọ́ ń tàn lẹ́yìn wọn. Kò fi irọ́ dí àyè tó ṣófo. Ó jẹ́ ká rí i bó ṣe ṣófo tó.

Àwọn kan á ní ìwé ìjọba tó fún ìrántí. Kò tó rárá. Àwọn tó há wọn mọ́ ló kọ ìwé yẹn: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n mú wọn. Nínú ilé fọ́tò, èèyàn á wọ aṣọ tó wù ú, á dúró bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí òun, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un ní nọ́ńbà. Ohun tí obìnrin orí ìtàgé yẹn ń wá nìyẹn.