Kí Ló Ń Ti Ibùdó Ẹ́ńjìnnì Kan Pa, Tó Sì Ń Dá Òmíràn Sí?

Ẹ kú ìjókòó o. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń sùn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ibùdó tí wọ́n ti ń rọ epo sí ẹ́ńjìnnì, tí mẹkáníìkì ti ń wọ abẹ́ rẹ̀ lóru. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí wọ́n kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lọ súà, wọ́n sì ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibùdó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa ni wọ́n ń tì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí ọkọ̀ ń parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, àti irú ọkọ̀ tó jẹ́, ló ń pinnu. Bí ibùdó bá jìnnà síbẹ̀, ọkọ̀ á máa sáré lófìfo láàárọ̀ lálẹ́. Epo ń jó, dírẹ́bà ń gbowó, kò sì sí èrò kan nínú rẹ̀. Ó dà bíi dánfó tó já èrò ìkẹyìn sí Òṣòdì tó wá lọ ń sùn ní Ẹ̀pẹ́.

Láyé ẹ́ńjìnnì elédùú, ibùdó ní láti súnmọ́ra. Omi rẹ̀ kì í pẹ́ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ kó eérú rẹ̀ dànù, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ inú bọ́ílà rẹ̀. Tó bá ti tutù, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n ń fi dáná sí i kó tó lè fa ohunkóhun. Dísẹ́ẹ̀lì dé, wàhálà yìí dínkù. Lójú irin London sí Edinburgh, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 22 tí wọ́n ń pè ní Deltic ló gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì elédùú 55. Ẹ́ńjìnnì 33 tí wọn ò nílò mọ́ kò nílò ilé.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1968, ibùdó elédùú mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù: Carnforth, Lostock Hall àti Rose Grove, ní Lancashire. Oṣù yẹn náà ni iṣẹ́ elédùú parí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títì márosẹ̀ M65 ló gba orí ilẹ̀ Rose Grove báyìí. Carnforth nìkan ló rù ú là: àwọn olólùfẹ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ gbà á, lónìí ilé iṣẹ́ West Coast Railways tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló ń lò ó. Ó rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, ìdí nìyẹn tó fi wà.

Ẹ má rò pé elédùú nìkan ni ọ̀rọ̀ bá o. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí ibùdó Finsbury Park ní London fún dísẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn Deltic kan ń gbé. Ní 1983, wọ́n tì í. Ọkọ̀ HST (High Speed Train, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ń sáré gan-an) ló pa á. Ọdún 1978 ni HST bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà London sí Edinburgh: ẹ́ńjìnnì kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kóòṣì láàárín, wọn kì í sì í sábà tú wọn síra. Ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nílò ilé gígùn. Ẹ́ńjìnnì tó dá dúró ni wọ́n kọ́ Finsbury Park fún, kò lè gbà á. Bounds Green, tí kò jìnnà síbẹ̀, gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni North Pole, ní ìwọ̀-oòrùn London. (Orúkọ àdúgbò ni o, kò sí yìnyín níbẹ̀.) Eurostar, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Paris, ló ń lò ó nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra láti ibùdókọ̀ Waterloo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Eurostar kó lọ sí ibùdókọ̀ St Pancras, ó sì gbé ìtọ́jú ọkọ̀ lọ sí Temple Mills ní ìlà-oòrùn London. Ilé North Pole kò tíì gbó, irinṣẹ́ inú rẹ̀ dáa, àmọ́ ó wá ṣòfìfo. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ̀ tuntun tí Hitachi ṣe fún ọ̀nà Paddington nílò ilé, North Pole sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà gan-an. Wọ́n tún un ṣe, ó sì jí padà. Old Oak Common tó múlé tì í ni wọ́n wá ti ibùdó HST rẹ̀ pa ní 2018, torí ilẹ̀ rẹ̀ ti wúlò fún ojú irin mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí náà ló pa ibùdó Stratford ní London ní 2001. Ẹ̀yin ará ilé wa tẹ́ ẹ máa ń lọ nájà ní Westfield Stratford City, orí ilẹ̀ tí rélùwéè ń lò tẹ́lẹ̀ lẹ ń rìn.

Ibùdó Toton ní tirẹ̀, láàárín Nottingham àti Derby, èédú ló sọ ọ́ di ńlá. Èédú ti kásẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ Toton wà: àárín gbùngbùn ni, ọkọ̀ ẹrù láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè kan wá: ṣé ilé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ní Èbúté Mẹ́ta kò lè tọ́jú ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn ni? Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lójú irin àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067; ti tuntun jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ tuntun kò lè gun irin inú ilé yẹn. Àfi kí wọ́n hú irin náà, kí wọ́n sì tún kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí láàárín rẹ̀ gbẹ́. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn tán, ilé tuntun ti dé òrùlé.